Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Rédíò Tó Ń Gbé Lẹ́tà

Ìtàn tòní jẹ́ ti rédíò àti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sá o, ó kàn wá.

Ẹ rántí kí GSM tó dé ní 2001. Téèyàn bá fẹ́ ránṣẹ́ sílé láti Kánò, gáréèjì ló máa gbà lọ. Á kọ orúkọ ara ẹ̀ àti orúkọ ẹni tó máa gbà á sára lẹ́tà, á fún dírẹ́bà. Tí mọ́tò yẹn ò bá kọjá Ìlọrin, dírẹ́bà á fún ẹlòmíì tó ń lọ Ìbàdàn. Lẹ́tà ò mọ̀nà, ohun tá a kọ sára ẹ̀ ló ń gbé e délé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rédíò tí mò ń sọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní 1971, Norman Abramson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Hawaii l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní ALOHAnet. Òkun ló yí erékùṣù wọn ká, wọ́n sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà erékùṣù kan máa bá ti èkejì sọ̀rọ̀. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n dì í ní ìdì kéékèèké, wọ́n fi rédíò gbé e. Ìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní packet. Tí méjì bá kọlura lójú afẹ́fẹ́, méjèèjì bàjẹ́. Ẹni tí wọn ò bá dá lóhùn á sinmi díẹ̀, á tún tiẹ̀ fi ránṣẹ́.

Àwọn tó wá gbé e dé ọwọ́ aráàlú ni àwọn tó ń ṣe rédíò nítorí ìfẹ́, tí wọ́n ní láísẹ́ǹsì ìjọba ṣùgbọ́n tí wọn ò fi pa owó. Àwọn ti Montreal ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Àwọn ti Vancouver ṣe àpótí kékeré kan, TNC, tó ń jókòó sáàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò. Ní 1980, Amẹ́ríkà náà fún àwọn tiwọn láyè, nígbà tó sì di December ọdún yẹn, Hank Magnuski gbé rédíò kan kalẹ̀ ní agbègbè San Francisco tó ń gba ìdì ẹlòmíì, tó sì ń tì í síwájú. Ẹ ò rí i pé dírẹ́bà Ìlọrin nìyẹn?

Ní 1984 ni wọ́n tẹ ìlànà AX.25 tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé jáde. Gbogbo ìdì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àti orúkọ ẹni tó ń gbà á; tó bá sì ní àwọn tó máa gbé e kọjá, orúkọ tiwọn náà á wà níbẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ. Nọ́ńbà kan tún wà nídìí ẹ̀ tí ẹni tó gbà á máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, bí ìgbà tá a bá ń ka ẹrù tó já sílẹ̀. Tí iye ò bá pé, á dà á nù.

Kò yára o. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń sáré 1200 bits ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fọ́tò WhatsApp kan ṣoṣo lè lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n "a wà láàyè, omi ò gbé wa" ò tó nǹkan tó máa pẹ́.

Lónìí, TNC gan-an ò pọn dandan mọ́. Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ kan wà, Dire Wolf, tó ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń dún ṣe iṣẹ́ yẹn. Èèyàn á ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà, kò sí àwòrán, kò sí pé à ń tẹ ibí tẹ ọ̀hún. Á kọ orúkọ ẹni tó ń ránṣẹ́, á fi àmì > sí i, á kọ orúkọ ẹni tó ń gbà á, á fi àmì : sí i, lẹ́yìn náà ló máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n ń pè ní gen_packets á sọ ọ́ di ariwo, rédíò á gbé ariwo yẹn jáde, kọ̀ǹpútà ti ọ̀hún á sì tún un tú sí ọ̀rọ̀.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ní May 2013, nígbà tí wọ́n ti fóònù pa ní Borno, Yobe àti Adamawa nítorí ààbò, ẹni tó ní èèyàn níbẹ̀ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń rí lára. Bákan náà ni Zamfara ní September 2021. Mi ò sọ pé ká fi rédíò yìí yí òfin ìjọba po o. Láìsí láísẹ́ǹsì, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Orúkọ rédíò yín, tiwa ní Nàìjíríà sì ń fi 5N bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ìdì. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀ àṣírí, kò sì gbọ́dọ̀ fi tajà.

Ọjọ́ ìjàǹbá ni mò ń rò. Ní September 2024 tí odò ya láti Alau, tí omi bo Maiduguri, ìbéèrè tí gbogbo ilé kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé ṣé wọ́n wà láyé? Òpó fóònù lè ṣubú, iná lè lọ. Rédíò kékeré kan pẹ̀lú bátìrì mọ́tò á ṣì máa dún, tó bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú, tí ẹlòmíì sì wà lọ́ọ̀ọ́kán tó máa gbà á tì síwájú.

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká rí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn tó máa lọ gba láísẹ́ǹsì, kí ẹgbẹ́ sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwa ọlọ́jà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.