Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Ẹja Ekurá: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Ọjà Oliha

Ìlú Bìní jìnnà sí òkun. Ẹja ekurá kò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ ní Ọjà Oliha. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ alápatà àti ìjàǹbá ọkọ̀ lè dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ síni lára. Ìdí nìyí tí a fi yẹ ìtàn ìtọ́jú rẹ̀ wò.

Ní 1749, ekurá bu Brook Watson, ọmọ ọdún 14, jẹ ní èbúté Havana. Àwọn atukọ̀ gbà á sílẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Ó yè, ó sì di olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1796. Lẹ́yìn èyí ni oògùn akunnilóorun dé ní 1846, tí Joseph Lister kọ̀wé lórí oògùn apakòkòrò ní 1867, tí Karl Landsteiner sì ṣàlàyé oríṣi ẹ̀jẹ̀ ní 1901.

Lónìí, oníṣẹ́ abẹ a máa di iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já, a sì máa gé ẹran tó ti kú kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń ya kì í dúró de dókítà. Ẹni tó wà nítòsí ni yóò fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, láìṣí i wò, títí wọn yóò fi gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, a dábàá pé kí gbogbo olùkọ́ tí a ń kọ́ mọ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n lè fi kọ́ ọmọ àwọn ọlọ́jà.