Ojú Kọ̀ǹpútà

Ojú, tí í ṣe ọba ara, kì í ṣe ẹ̀yà tí a fi ń ríran nìkan. A ní ojú omi, ojú ọ̀nà àti ojú ọgbẹ́, nítorí ibi yòówù tí ohun kan bá ti fi ara hàn fún ni, Yorùbá a máa pè é ní ojú rẹ̀. Abájọ tí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé ní Ẹ̀rìn-Ilé, tí ó múlé gbe Ọ̀fà ọmọ ìjàkadì, fi ń pe ibi tí àwòrán ti ń hàn ní ojú kọ̀ǹpútà.

Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá tó íǹṣì 27, tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò sì ju 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró lọ, lẹ́tà rẹ̀ kò ní jọ̀lọ̀ lójú ẹni tí ó súnmọ́ ọn. 2560 àti 1440 ni mo kà sí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà: kí ojú kọ̀ǹpútà jìnnà sí ni tó apá tí a nà tán, kí etí rẹ̀ lókè má ga ju ẹyinjú ẹni tí ó jókòó lọ, kí ọrùn má baà máa ro ni, kí a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ fèrèsé, kí oòrùn má baà kọ mànà lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹni tí ó sì gbójú lé bátìrì nígbà tí iná bá lọ, kí ó wo iye wáàtì ojú kọ̀ǹpútà náà kí ó tó sanwó.