Ìdúró Ẹni Tó Ń La Igi ní Ìbàdàn

Ní ọjà Bódìjà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, àáké ṣì ń dún. Àwọn tó ń ro àmàlà nínú ìkòkò ńlá, àwọn tó ń yan búrẹ́dì nínú ààrò alámọ̀, àti àwọn alásè tí ń dáná ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀, kò tíì kọ igi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti gbà pé gáàsì yóò lé igi kúrò nígboro. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí ọjà gbogbo sì gbówó lórí, àwọn ilé kan tún ti padà sídìí ààrò. Bí ọ̀rọ̀ igi ìdáná bá délẹ̀, iye owó rẹ̀ àti igbó tó ń tán ni ènìyàn máa ń sọ. Ẹ̀yìn ẹni tó là á kì í sí nínú ìròyìn.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Àwọn òkúta dídán tí àwọn àgbà ń pè ní ẹdun àrá, tí wọ́n sì gbà pé Ṣàngó ló ń sọ wọ́n láti òkè, orí àáké àtijọ́ ni wọ́n lójú àwọn awalẹ̀pìtàn. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tó dojú kọ Agbówó, darí ìwalẹ̀ ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun ní ilẹ̀ Oǹdó. Wọ́n rí egungun ènìyàn tó ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní 11,000 ọdún; nínú ìpele erùpẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni irú àáké òkúta bẹ́ẹ̀ ti jáde. Lẹ́yìn náà ni Ògún dé, tí irin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkúta.

Kì í ṣe gbogbo igi ló ń bèèrè àáké. Igi gbígbẹ tí obìnrin àti ọmọdé ń ṣẹ́ bọ̀ láti oko, àdá ti tó o, ẹni tó jókòó lórí àpótí lè gé e. Ìtì igi ni wàhálà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi ìtì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó là á. Kùkùté tó ga dé orúnkún ni yóò wá, yóò sì gbé ìtì dúró lórí rẹ̀. Bí àáké bá yẹ̀, kùkùté ni yóò bà, kì í ṣe ojúgun ẹni. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni pé igi ti gòkè wá pàdé ọwọ́: àáké yóò kan igi nígbà tí apá ṣì nà, kí ẹ̀yìn tó tẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ yóò yà síra, orúnkún yóò rọ̀ díẹ̀, ìwúwo irin yóò sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí kókó bá wà lára igi, etí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í fi agbára gbá àárín. Àmọ́ ẹni tó fi ìtì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yóò tẹ̀ ba ní gbogbo ìgbà tí àáké bá sọ̀ kalẹ̀, yóò tún tẹ̀ ba láti gbé èyí tó kàn. Ìbàdí ló ń san gbèsè náà, kì í sì í san án lọ́jọ́ kan náà.

Ìlú tuntun ló da ètò kùkùté rú. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Dùgbẹ̀ sì di ojúkò òwò. Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń rí sí ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé Bódìjà, níbi tí ilé ìdáná ti wọ inú ilé, tí sítóòfù sì gba ipò ààrò. Ẹni tó ń la igi fún ìkòkò ìyá rẹ̀ kò sí mọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Igi tó kù di ọjà: ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó o wọlé, ẹni tí a háyà ló ń là á. Ẹni tó sì ń gbowó iye tó là, ó ṣòro kó fi àkókò ṣòfò nídìí gbígbé ìtì sórí kùkùté. Ìkánjú ló tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba, kì í ṣe àìmọ̀.

Ìlú òyìnbó ti mọ irú ìyà yìí tipẹ́. Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, kọ ìwé lórí àrùn àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1700, ó sì ka ìdúró àti ìtẹ̀ba tí kò bá ara mu mọ́ ohun tó ń pa oníṣẹ́ ọwọ́ lára. Ní ọdún 1795 ni Joseph Bramah, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń fi omi tí a há mọ́ inú irin sọ agbára kékeré di ńlá. Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀rọ alagi ayé òde òní ń gbà ṣiṣẹ́: ẹ́ńjìnnì ń ti òróró, òróró ń ti ọ̀pá irin, ọ̀pá náà ń ti ìtì lu irin ẹlẹ́nu mímú. Kò sí àáké jíjù nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ náà ti parí ọ̀rọ̀ ìbàdí kò tíì lò ó. Èyí tó dùbúlẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn dúró gbọnrangandan, bí tábìlì rẹ̀ bá ga dé ìgbànú. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni yóò gbé ìtì dé orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó kéré kò ga ju ojúgun lọ, ẹni tó bá sì lò ó fún wákàtí mẹ́ta yóò máa yán hànhàn fún àáké rẹ̀. Èyí tó dúró lóòró kò béèrè pé kí a gbé ìtì ńlá: yíyí ni wọ́n ń yí i dé abẹ́ irin. Àmọ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà àwọn tó gbọ́n máa ń jókòó sórí ìtì mìíràn níwájú rẹ̀, wọn kì í tẹ̀ ba, wọn kì í sì kúnlẹ̀. Àpótí ìyá àgbà ti padà wá láti ọ̀nà mìíràn. Ní Yúróòpù, a ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ di ọ̀pá ìdarí mú kí irin tó rìn, kí ìka má baà há.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Owó rẹ̀ ga, epo tí yóò máa mu sì ti di ọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, jáàkì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ omi kúrò nínú àpò ẹ̀gẹ́, ọ̀nà tí ẹ̀rọ Bramah ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an ló sì wà nínú jáàkì náà. Àwọn wẹ́dà tó ń ṣe férémù irin tí jáàkì ń jókòó lé lè ṣe èyí tí yóò la igi. Irin àlòkù ni wọ́n sábà máa ń lò, gígùn irin tó bá sì wà nílẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ máa ń gbà. Kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ yẹn, ó yẹ kí ẹni tí yóò lò ó wá dúró níwájú wọn, kí wọ́n na téèpù láti ilẹ̀ dé ìgbànú rẹ̀.