Ẹ̀pẹ́ Tó Wà Nínú Èkó

Ẹ sọ fún ọmọ Èkó pé Ẹ̀pẹ́ lẹ ń lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ẹja lẹ fẹ́ lọ rà. Kò jẹ̀bi. Ọjà Olúwo tó wà níbẹ̀ lókìkí fún ẹja tútù. Tẹ́ ẹ bá sì ti Ìdúmọ̀tà dé etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń rọra fì, ẹ ó rò pé etí yín ló di. Kò sí ariwo dánfó, kò sẹ́ni tó ń fi èjìká gbá yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Èkó fi ń pe Ẹ̀pẹ́ ní oko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè Èkó. Akítóyè sá gba Abẹ́òkúta dé Àgbádárìgì, ó ní bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè dá òun padà, òun á fòpin sí òwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wọn, torí òwò epo pupa Èkó ti wọ̀ wọ́n lójú. N kò sọ pé Kòsọ́kọ́ kì í ta ẹrú o. Ó tà á, ó sì fi là. Ṣùgbọ́n nígbà tí Akítóyè fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jọba, ṣé òwò náà dúró ni? Kò dúró.

Ní oṣù Kọkànlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún dé ní ìparí oṣù Kejìlá, ìbọn wọn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, Èkó sì jóná. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, kó èrò lẹ́yìn, wọ́n forí lé ìlà oòrùn. Ẹ̀pẹ́, ìlú apẹja nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí.

Kòsọ́kọ́ ò jókòó máa sunkún níbẹ̀. Ó tún gbógun wá bá Èkó ní 1853, kò rí i mú. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 1854, ó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: ó yọwọ́ nínú ọ̀ràn oyè Èkó, àwọn náà gbà pé òun ló ni Palma àti Lẹ́kkí, èbúté òwò. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá ní 1861. Lọ́dún kejì wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà wálé, wọ́n ń fún un ní £400 lọ́dún. Ọba di ẹni tí ń retí owó lọ́wọ́ òyìnbó!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó, wọ́n kọ́ agbo ilé 21 síbẹ̀. Kí ni wọ́n pe ibẹ̀? Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn kan ò bá wọn padà, wọ́n dúró sẹ́yìn lábẹ́ Pọ̀sù, Gẹ̀ẹ́sì sì tún lọ kọlù wọ́n ní 1863. Ìran wọn là ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní, ìran àwọn onílẹ̀ sì ni Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ọba tirẹ̀. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ló ń ṣe ọdún Kayó-Kayó lẹ́yìn Iléyá, láti rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀.

Ẹ rí i bó ti rí: lÉkòó wọ́n di ará Ẹ̀pẹ́, ní Ẹ̀pẹ́ wọ́n di ará Èkó. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó gan-an, wọ́n fà á dé kóòtù láìmọye ìgbà.

Ọba lọ, Ẹ̀pẹ́ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ní ti Èkó, 1914 ló di olú-ìlú Nàìjíríà, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ariwo rẹ̀ ò sì dín rárá. Nígbà tí Abíọ́lá fẹ́ kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994, àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló ti ṣe é. Mélòó nínú àwọn tó ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ yẹn ló béèrè ìdí tí àdúgbò kan láàárín Èkó fi ń jẹ́ orúkọ ìlú ẹlẹ́ja?