Epo Wà Nínú Tánkì, Ọkọ̀ Ò Lọ

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, Fọ́kìsi wa kú sójú títì Sheikh Zayed. Deira la ti ń bọ̀, à ń lọ sílé ní Dubai Marina. Aago méje àárọ̀ ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe, ọkọ mi ló wá gbé mi, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin sì ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Alẹ́ àná la ra epo, tánkì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. A dúró létí ọ̀nà bí ogún ìṣẹ́jú, àwọn ọkọ̀ ńlá ń fẹ́ wa lójú kọjá. Ọkọ mi tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Marina, ó tún kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ìdí ọkọ̀ 1972 ní ìlú tí ọkọ̀ tuntun pọ̀ bí iyanrìn. Tíṣà ni bàbá bàbá mi ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Gowon gba àbá ìgbìmọ̀ Údójì wọlé, tí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì kó owó tó ti wà nílẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ ló di onímọ́tò. Oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Peugeot náà ṣí tiwọn ní Kàdúná lóṣù kan náà. Àwọn ọ̀gá gba Pijó 504. Àwọn tíṣà gba Ìjàpá. Ẹ ṣáà wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé orúkọ yẹn fún Yorùbá.

Bàbá mi jogún Ìjàpá náà, wọ́n sì tà á ní 1998 kí wọ́n lè san owó ilé-ìwé wa. Èmi ni mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tí mò ń wo ẹni tó rà á bó ṣe ń wà á lọ. Torí náà, nígbà tí ọkọ mi rí irú rẹ̀ ní Sharjah, tó ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ìbòrí, èmi ni mo ní ká rà á. Kí ẹnikẹ́ni má dá ọkọ mi lẹ́bi.

Iwájú, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń gbé ẹ́ńjìnnì sí, ni tánkì epo Ìjàpá wà. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Epo á gba inú páìpù irin tín-ínrín kan láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, á bọ́ sínú họ́ọ̀sì rọ́bà, pọ́ǹpù á fà á, á tì í fún kabúrétọ̀. Pọ́ǹpù yẹn ò mọ iná mànàmáná. Awọ pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀pá kékeré kan tì sókè sódò. Títí di 1961, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ò tiẹ̀ ní gééjì epo. Awakọ̀ á máa lọ títí ẹ́ńjìnnì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á wá fi ẹsẹ̀ yí nǹkan kékeré kan nísàlẹ̀ láti ṣí epo tó kù sílẹ̀ fún ìgbà ìṣòro.

Ọkọ̀ tó ṣáájú wọn tiẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Model T ti Ford, tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, kò ní pọ́ǹpù epo rárá. Bíi dríìpù ni: àpò wà lókè, aláìsàn wà nísàlẹ̀, omi á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí epo bá ti lọ sílẹ̀ nínú tánkì, tí ọkọ̀ sì fẹ́ gun òkè tó ga, ẹ́ńjìnnì á wá ga ju epo lọ, kò ní rí nǹkan mu. Ẹ̀yìn ni àwọn awakọ̀ fi ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Tí dríìpù ò bá sọ̀ dáadáa, ṣebí ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń kọ́kọ́ ṣe ni ká gbé àpò sókè sí i.

Gbogbo ẹni tí a sọ fún ló ní ooru ni. Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp. "Ìyá mi, ẹ bu omi sí aṣọ, ẹ fi wé pọ́ǹpù yẹn. Ohun tí à ń ṣe nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mókọ́lá nìyẹn." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bẹntiróòlù kì í pẹ́ di oru. Bí páìpù bá gbóná jù, epo inú rẹ̀ á di oru kó tó dé kabúrétọ̀, pọ́ǹpù tó sì lè fa epo ò lè fa oru. Á kàn máa fún un mọ́ra, á máa tú u sílẹ̀, nǹkan kan ò ní kọjá. Bí aṣọ tútù bá mú pọ́ǹpù tutù, oru á padà di epo, ọkọ̀ á jí. Ooru Dubai nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ju 45 lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó jiyàn.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni o, atẹ́gùn ń fẹ́ sí ọkọ̀ tó ń sáré. Ní ẹnu iṣẹ́ mi, bí gbogbo ènìyàn bá ti ní "ibà ni" kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń dúró.

Ríkọ́fìrì ló gbé e lọ sí Sharjah. Bí a ti ń kọjá lẹ́bàá Burj Al Arab, mo rántí ohun kan tí mo kà nípa etíkun yẹn. Wọ́n rí epo nínú òkun Dubai ní 1966, ní ibi tí wọ́n pè ní Fateh, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun ní 1969. Etíkun yẹn ni wọ́n ti kan àwọn tánkì irin ràgàjì mẹ́ta kí wọ́n tó wọ́ wọn sínú òkun. Iléeṣẹ́ Chicago Bridge & Iron ló kàn wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Chicago Beach. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba àgbá epo 500,000. Wọn ò ní ìdí! Ẹnu wọn ṣí sínú omi nísàlẹ̀. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, ó ń léfòó nínú wọn, bí wọ́n bá sì ti ń fa epo jáde, omi òkun á máa gòkè rọ́pò rẹ̀. Nígbà yẹn iyanrìn ni ibi tí a ń gbé báyìí. Wọn ò tíì gbẹ́ omi Marina, tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta, wọnú ilẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ẹrù rí mọ Industrial Area Sharjah. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń kó ẹ́ńjìnnì àlòkù sínú kọ̀ńténà lọ sí Ládipọ̀. Ọmọ Kerala ni ọ̀gá mẹkáníìkì tí a bá níbẹ̀, àgbàlagbà ni, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ ooru rárá. Ó kọ́kọ́ ṣí ìdérí tánkì, ó fi etí sí i. Tí atẹ́gùn bá wọlé pẹ̀lú ariwo, ihò tí tánkì fi ń mí ló dí, epo ò ní lè jáde. Kò sí ariwo. Ó yọ họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu kabúrétọ̀, ó kì í bọnú ìgò, ó ní kí ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Epo tú jáde dáadáa, ó rọra dínkù, ó wá ń kán tó-tó-tó. Ó ní pọ́ǹpù ò ṣẹ̀, nǹkan ló dí ọ̀nà níwájú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa epo gba páìpù iwájú kí wọ́n lè wò ó. Ọmọ náà ki họ́ọ̀sì bọ ẹnu.

Mo pariwo. Yorùbá ni mo fi pariwo, "Ó tì o! Yọ ọ́ lẹ́nu!" Ó yé e kíákíá.

Èmi ti rí i rí. Ní 1994 ni, ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Ẹgbẹ́ NUPENG bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje nítorí ọ̀rọ̀ June 12, epo sì di góòlù ní Ìbàdàn. Wọ́n mú Frank Kokori, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ní oṣù kẹjọ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, lítà kan ti kúrò ní náírà 3.25, ó di náírà 11. Láàárín gbogbo rẹ̀, aládùúgbò wa kan bẹ̀bẹ̀ fún epo láti gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí lọ sí ọsibítù. Bàbá mi ki họ́ọ̀sì bọ tánkì Ìjàpá, wọ́n fi ẹnu fà á. Epo bọ́ sí wọn lọ́fun. Àwọn ìyá àdúgbò gbé epo pupa wá, wọ́n ní kí wọ́n mu ún kí wọ́n lè bì í jáde. Wọ́n bì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi wúkọ́, ibà mú wọn, mo sì ń gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa bébà ya.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹntiróòlù tó wọ ikùn kọ́ ló ń yára pa èèyàn, èyí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí èèyàn bá bì, ó tún láǹfààní láti gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kódà bí kò bá tíì máa wúkọ́. Mo mọ̀ pé inú ilé àwọn kan tó ń ka èyí, epo pupa yẹn ṣì wà ní sẹpẹ́.

Pọ́ǹpù ọwọ́ kan tí kò wọ́n rárá ni wọ́n wá fi fa epo náà. Ó pọ́n bíi omi tó ti kọjá lórí páànù. Ìpẹtà ni. Ọkọ̀ tó dúró fún ọdún púpọ̀, tánkì rẹ̀ á dípẹtà láti inú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo, ìpẹtà náà á máa wọ́ tẹ̀ lé e, á lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́, á dí i. Bí ọkọ̀ bá kú, tí ohunkóhun ò fa epo mọ́, ìpẹtà á já bọ́ padà, ọ̀nà á là. Ìdí rèé tó fi ń jí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ooru kọ́.

Àìsàn yìí ti pẹ́ láyé. Ní oṣù kẹjọ 1888, Bertha Benz gbé ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, kò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim lọ kí ìyá rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ìrìn-àjò gígùn àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì rìn láyé nìyẹn. Kò sí ilé epo. Ilé olóògùn kan ní Wiesloch ló ti ra epo tí wọ́n fi ń fọ aṣọ. Lójú ọ̀nà, páìpù epo dí. Abẹ́rẹ́ tó fi di fìlà mọ́ irun ló yọ, ó fi là á. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an ni. Irú nǹkan tí èmi náà á ṣe nìyẹn, yàtọ̀ sí pé mi ò lè gbé ọkọ̀ ọkọ mi láìsọ fún un, nítorí orúkọ tèmi ló wà lórí ìwé rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù la rí kẹ́yìn. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó wọ pọ́ǹpù ti gbẹ, ó ti sán, epo sì ń mí jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ni dẹsitíríbútọ̀ wà, níbi tí iná ti ń ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní magnesium nínú, tí ó bá gbaná, omi ò lè pa á. Ẹ̀yìn àga tí ọmọ mi ń sùn sí ni gbogbo rẹ̀ wà. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo jáde lọ dúró sínú oòrùn.

Mo fẹ́ tà á lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkọ mi ò bá mi jà, ó kàn ní kí n pe bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì náà. Wọ́n wá ní, "Èyí tí a tà, ọdọọdún ni mo máa ń pààrọ̀ tiẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀ ni."

Wọ́n yọ tánkì, wọ́n fọ ìpẹtà rẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gba páìpù láti ẹ̀yìn dé iwájú. Gbogbo họ́ọ̀sì ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n fi ìdè irin dì wọ́n, wọ́n sì fi fílítà tí èèyàn lè wo inú rẹ̀ sísàlẹ̀ níwájú, jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Ohun èlò tí wọ́n fi ń paná wà lábẹ́ àga awakọ̀ báyìí. Ọmọ wa kò tíì padà wọ ọkọ̀ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí a tó gbé e jáde nílẹ̀ ilé tí à ń páàkì sí, mo máa ń tẹ̀ kọ́ọ̀kọ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo máa wo fílítà, mo máa fi ìka nu gbogbo họ́ọ̀sì, mo sì máa gbóòórùn ìka náà.