Láti Inú Amọ̀ dé Zeolite: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Agbára Ásíìdì Lára Ohun Líle

Ìfáárà
Bí a bá fi amọ̀ han ọmọ ilé-ìwé ní Akínmọ̀ọ́rìn, ìkòkò àti ìṣaasùn ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Amọ̀kòkò a máa po oríṣi amọ̀ méjì pọ̀, kí ìkòkò má baà sán nínú iná. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé: bí fífi ohun àjèjì díẹ̀ kún ohun líle ṣe ń yí agbára ásíìdì ojú rẹ̀ padà. Irú ohun líle bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kátálíìsì. Ó ń mú ìyípadà kẹ́míkà yá, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá a lọ.

Ìtàn àti ìlànà
Eugène Houdry, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo amọ̀ tí a fi ásíìdì fọ̀ láti sọ epo tó wúwo di pẹtiróòlù. Ní ọdún 1937, iléeṣẹ́ Sun Oil bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà rẹ̀ ní Marcus Hook, ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1960 sí 1964, Plank àti Rosinski ti iléeṣẹ́ Mobil mú zeolite wọ iṣẹ́ náà.

Silicon, aluminium àti oxygen ni ó so pọ̀ di zeolite, ihò wínníwínní sì kún inú rẹ̀. Níbi tí aluminium bá ti gba ipò silicon, hydrogen tí ó dúró tì í ni ó ń ṣiṣẹ́ ásíìdì. Bí sodium bá gba ipò hydrogen yìí, agbára náà kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lanthanum àti cerium rọ́pò sodium. Ooru kò sì tún tètè ba zeolite náà jẹ́. Bí aluminium bá dínkù, ojú ásíìdì yóò dínkù, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò le sí i. Bí ásíìdì bá wá pọ̀ jù, epo yóò fọ́ di gáàsì, èédú yóò sì bo kátálíìsì. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí: ìwọ̀n ni iyì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa
A kọ́ iléeṣẹ́ ìfọpo sí Port Harcourt ní 1965, Warri ní 1978 àti Kaduna ní 1980. Síbẹ̀, òkèèrè ni a ti ń ra kátálíìsì wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, sì ti fi amọ̀ funfun Kankara, ní Ìpínlẹ̀ Katsina, ṣe zeolite.

Àgbálọgbábọ̀
Amọ̀ kò wọ́n wa. Ìmọ̀ ìdíwọ̀n rẹ̀ ni a ń sanwó fún. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láti ìdí ìkòkò, ní èdè tí ọmọ gbọ́.