Báwo Ni Ìjẹ̀bú-Òde Ṣe Jìnnà sí Èkó Tó?

Àbúrò mi kan tó ń bọ̀ láti Kánò bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá balẹ̀ sí Èkó, ìṣẹ́jú mélòó ni bàálù ń lò dé Ìjẹ̀bú-Òde?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wọ̀n ọ́n lórí máàpù: bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Erékùṣù Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 71 ni. Bàálù tó ń sá 700 kìlómítà ní wákàtí kan kò ní lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 lọ.

Kìlómítà wọ̀nyẹn kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń yí padà.

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ará Ìbàdàn tó ru epo wá kì í bá ẹrù rẹ̀ dé Èkó. Ọjà Orù, ní ìhà àríwá Ìjẹ̀bú, ni ìrìn rẹ̀ ń parí sí. Oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni yóò rà á, tí yóò gbé e la ilẹ̀ wa kọjá dé ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí Èkó. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gba ọ̀nà kan náà padà. Nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá náà ti tiwọn. Ìbàdàn wá ń wo Èkó bí ẹni ń wo òṣùpá.

Ní 1891, Denton wá bá Awùjalẹ̀ Túnwàṣe nítorí ọ̀nà yìí, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù Kìíní 1892, àwọn ìránṣẹ́ Ìjẹ̀bú bá Gómìnà Carter ṣe àdéhùn ní Èkó: kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò dúró. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba orí omi dé Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní Ìmàgbọn, létí odò Yemọjí. Ìbọn Maxim tú wọn ká. Lọ́jọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìwé máa ń sọ pé wọ́n "ṣí" ọ̀nà. Ìyá àgbà mi kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Wọ́n já a gbà ni." Mi ò ní tan ara mi: ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń tà gba ọ̀nà yẹn, ìnira Ìbàdàn kì í sì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà jẹ́ òótọ́. Ní 1901, ọdún 9 péré lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú irin gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, ó fi Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lónìí, pápákọ̀ òfurufú ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ. Inú mi dùn sí i. Nígbà tí àbúrò mi bá tún pè, n ó ka iye ìṣẹ́jú fún un, n ó sì bi í pé: ta ló ń gba owó ibodè báyìí?